Ẹ Bi Atukọ̀ Léèrè: Bénéteau àbí Ovni, èwo ló máa gba ọ̀sà Àjàṣẹ́?

Ìwé mẹ́ta ni mo mú jáde lóṣù yìí. Èyí àkọ́kọ́ gùn, ìdáhùn ẹ̀ náà á sì gùn, torí ọ̀rọ̀ owó ńlá ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì wà nínú ẹ̀.

Ìbéèrè: láti ọwọ́ ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) kan tó ń gbé ní La Rochelle nílẹ̀ Faransé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú bẹ́ ẹ ṣe ń dá wa lóhùn. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí, agboolé wa ò jìnnà sí etí ọ̀sà rárá, àmọ́ ó ti pé ọdún 19 tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní La Rochelle. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìgbòkun wakọ̀, mo ti bá àwọn ọ̀rẹ́ wà á dé Sípéènì lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi àti ìyàwó mi ti tọ́jú owó, a fẹ́ ra ọkọ̀ tiwa, ká wà á bọ̀ wálé díẹ̀díẹ̀, ká máa gbénú ẹ̀ lórí ọ̀sà Àjàṣẹ́, ká sì máa jáde sókun nígbà tó bá wù wá. Méjì la ti rí. Ọ̀kan ni Bénéteau Oceanis 393 tọdún 2004, fáíbà ni, 70,000 yúrò lẹni tó ni ín ń pè é. Èkejì ni Ovni 385 tọdún 2001 tí Alubat ṣe, alumíníọ̀mù ni, 90,000 yúrò ni. Gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò jìnnà sí mítà 12. Ìyàwó mi fẹ́ràn Bénéteau torí inú ẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì gbayè. Ọkàn tèmi ń fà sí Ovni, àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá 20,000 tó fi lé yẹn tọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n, èwo ni ká rà?

Ìdáhùn

Arákùnrin mi, ẹ kú àjò o, ẹ bá mi kí ìyàwó yín. Inú mi dùn gan-an pé ẹ kọ̀wé kẹ́ ẹ tó sanwó, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé sí mi ti ra ọkọ̀ tán kí wọ́n tó béèrè, mi ò wá ní nǹkan tí mo lè ṣe fún wọn mọ́ ju kí n bá wọn ṣírò iye tí àtúnṣe máa ná wọn.

Ọkọ̀ gidi ni méjèèjì. Agbègbè Vendée nílẹ̀ Faransé ni ilé-iṣẹ́ méjèèjì ti ṣẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò jìnnà sọ́dọ̀ yín. Bénéteau ti ń kan ọkọ̀ fáwọn apẹja ní Croix-de-Vie láti 1884, kó tó wá di ilé-iṣẹ́ ńlá tí gbogbo ayé mọ̀ sí ọkọ̀ ìgbafẹ́. Alubat kéré sí i gan-an, Sables-d'Olonne ló wà, 1973 ni wọ́n dá a sílẹ̀, alumíníọ̀mù sì ni iṣẹ́ wọn. Ọ̀kan ń ṣe ọkọ̀ tó pọ̀ tí owó ẹ̀ á ṣe é san, èkejì ń ṣe díẹ̀ fáwọn tó fẹ́ lọ síbi tí kò sí èbúté. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn torí ó hàn nínú owó, ó sì hàn nínú gbogbo nǹkan tí mo fẹ́ sọ yìí.

Àmọ́ ká tó sọ̀rọ̀ ọkọ̀, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ omi, torí mi ò rí omi nínú ìwé yín.

Ẹ rántí ìgbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé létí ọ̀sà. Àwọn tó ń wakọ̀ kékeré lọ bọ̀ láàárín Àjàṣẹ́, Aguégué àti Gànvíè, kí ni wọ́n fi ń wà á? Ọ̀pọ̀ wọn, ọ̀pá ni. Wọ́n á ki ọ̀pá bọ omi, á kan ilẹ̀, wọ́n á tì í, ọkọ̀ á lọ. Omi tí ọ̀pá ń kan ilẹ̀ ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, omi tí ò jìn nìyẹn. Nokoué, ọ̀sà ńlá tó so mọ́ ti Àjàṣẹ́, tó fẹ̀ tó yẹn, lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn ọ̀pọ̀ ibi níbẹ̀ ò ju bíi mítà kan ààbọ̀ lọ, ibòmíì ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Omi máa ń kún láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá nígbà tí odò Wẹ́mẹ̀ bá kó òjò òkè wá, àmọ́ ẹ ò lè tìtorí oṣù mẹ́ta ra ọkọ̀ tẹ́ ẹ máa gbénú ẹ̀ lóṣù méjìlá. Tún wo àwọn igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ fún ẹja, àwọn akájà yẹn, àti koríko tó máa ń bo ojú omi nígbà tí omi bá ti dùn. Ọ̀sà tiwa nìyẹn, mo fẹ́ràn ẹ̀ ju omi èyíkéyìí láyé lọ, àmọ́ ẹ jẹ́ ká rí i bó ṣe rí.

Ó yá, ẹ wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ méjèèjì báyìí, èyí táwọn Faransé ń pè ní quille. Oríṣi méjì ni wọ́n ṣe Oceanis 393, èyí tẹ́sẹ̀ ẹ̀ gùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà méjì, àtèyí tẹ́sẹ̀ ẹ̀ kúrú tó wà ní bíi mítà kan ààbọ̀. Ẹ ò sọ èyí tẹ́ ẹ rí fún mi, àmọ́ èyí yòówù kó jẹ́, á jókòó sínú ẹrẹ̀ Nokoué lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, kò sì ní dìde. Ovni ní tiẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń ká sókè wọnú ikùn ọkọ̀, ìtọ́kọ̀ ẹ̀ náà ń ká. Tó bá ti ká a tán, omi tí ò tó mítà kan tó o. Ìdí ẹ̀ pẹrẹsẹ, ó lè jókòó sórí iyanrìn bí omi bá fà, kó dúró gbọnyin láìsí pé ó dẹ̀gbẹ́. Tẹ́ ẹ bá sọ ẹsẹ̀ yẹn sílẹ̀ padà lójú òkun, ó kọjá mítà méjì. Ohun tí 20,000 yúrò yẹn ń rà fún yín nìyẹn, bíi mílíọ̀nù 13 sẹ́fà, kì í ṣe ìrọ̀rí, kì í ṣe fèrèsé.

Nǹkan kan wà tó tún le ju ìyẹn lọ, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó kà á: nínú méjèèjì, kò séyìí tí òpó ẹ̀, igi gíga tó ń gbé ìgbòkun dúró, á kọjá lábẹ́ afárá. Ojú ọ̀nà tí omi ọ̀sà wa gbà jáde sókun, Kùtọnu ni, ojú omi táwọn Faransé gbẹ́ lọ́dún 1885, afárá mẹ́ta ló sì dábùú ẹ̀ báyìí, gbogbo wọn ló rẹlẹ̀. Òmíì tún wà níbi tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ Àjàṣẹ́. Òpó ọkọ̀ tó gùn tó mítà 12 á ga tó mítà 16 sókè omi tàbí jù bẹ́ẹ̀. Torí náà àwòrán tó wà lọ́kàn yín yẹn, pé ẹ máa ta ìgbòkun láti òkun wọlé wá síwájú agboolé yín, kò ṣeé ṣe báyẹn. Ẹ gbọ́dọ̀ gbé òpó sílẹ̀ ní Kùtọnu, ẹ gbọ́dọ̀ wá kireeni tó máa gbé e, kẹ́ ẹ so ó mọ́ òrùlé ọkọ̀ kẹ́ ẹ fi ẹ́ńjìnnì wọlé, ìgbàkigbà tẹ́ ẹ bá sì tún fẹ́ jáde, bẹ́ẹ̀ náà ni. Èèyàn á ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kò ní ṣe é ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Kódà àwọn Àgùdà tí wọ́n padà wá láti Bàhíà ní Brazil ní sẹ́ńtúrì 19, tí ìdílé wọn ṣì kún Àjàṣẹ́, ojú òkun lọ́hùn-ún lọkọ̀ ìgbòkun wọn ń dúró sí, ọkọ̀ kékeré ló ń gba inú ìgbì kó èèyàn àtẹrù wá sétíkun. Èbúté Kùtọnu tá a ní báyìí, 1965 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù ló sì wà fún.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ ní kí àbúrò yín kan tó wà nílé háyà ọkọ̀ kékeré kan lóṣù kejì tàbí ìkẹta, nígbà tí omi bá ti fà dáadáa. Kó mú ọ̀pá tí wọ́n ti sàmì sí ní sẹ̀ǹtímítà 25, 25, kó máa kì í bọ omi láti iwájú ilé yín títí dé afárá Kùtọnu, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì na okùn láti ojú omi dé abẹ́ afárá kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni, owó ọlọ́kọ̀ àti oúnjẹ ni. Ìwé tó bá mú bọ̀ wúlò ju gbogbo àwòrán tí ẹni tó ń ta ọkọ̀ máa fi ránṣẹ́ sí yín lọ.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí fi ń ká mi lára tó báyìí. Lọ́dún kan, mo wà nínú ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi, ọkọ̀ fáíbà ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, à ń wọ ẹnu odò Casamance ní Sẹ̀nẹ̀gà. Ibẹ̀ ní iyanrìn tó máa ń rìn, a rò pé a mọ ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan ilẹ̀. Ìgbì gbé wa sókè ó jù wá sílẹ̀, ó gbé wa, ó jù wá, lẹ́ẹ̀mẹrin, gbogbo abọ́ inú kíṣìnì fọ́. A jáde, a dúpẹ́, a rò pé ó ti tán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì la rí omi tó ń sun nídìí àwọn bóòtù tó di ẹsẹ̀ mú, nígbà tí wọ́n sì ṣí ilẹ̀ inú ọkọ̀, àwọn egungun fáíbà tó wà lábẹ́ ibẹ̀ ti bó kúrò lára ìdí ọkọ̀. Ọkọ̀ yẹn ò lọ síbì kankan fún oṣù mẹ́jọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá: ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, ọkọ̀ Cheeki Rafiki, Bénéteau First 40.7 ni, ẹsẹ̀ ẹ̀ já lójú òkun Atlantic nígbà tó ń lọ sí England, àwọn atukọ̀ mẹ́rin tó wà nínú ẹ̀ ló kú. Ìwádìí ìjọba fi hàn pé ọkọ̀ yẹn ti kanlẹ̀ rí, àtúnṣe tí wọ́n sì ṣe sí i ṣeé ṣe kó má tó. Irú ọkọ̀ míì nìyẹn o, mi ò sọ pé Oceanis tẹ́ ẹ rí ní àìsàn yẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé kẹ́ ẹ bi ẹni tó ni ín lójúkojú: ṣé ó ti kanlẹ̀ rí, níbo, ta ló tún un ṣe, ìwé ẹ̀ dà? Kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n ṣí pákó ilẹ̀ inú ọkọ̀ kẹ́ ẹ fojú ara yín wo bóòtù kọ̀ọ̀kan.

Mo ti ń yin Ovni jù, ẹ jẹ́ n dúró, torí alumíníọ̀mù náà ní ìyà tiẹ̀.

Ọ̀tá ẹ̀ ni iná mànàmáná tó bá ń sá lọ síbi tí kò yẹ. Wáyà kan tó bó lára, tó fara kan ìdí ọkọ̀, tàbí kẹ́ ẹ kan so ọkọ̀ mọ́ iná ilẹ̀ láìsí ẹ̀rọ tó máa ya iná yẹn sọ́tọ̀, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ díẹ̀díẹ̀ nísàlẹ̀ omi, ẹ ò sì ní mọ̀. Ọ̀tá ẹ̀ kejì ni bàbà. Ọ̀dà abẹ́ ọkọ̀ tó ní bàbà nínú, táwọn ọlọ́kọ̀ fáíbà ń kùn láìronú, èèwọ̀ ni fún un, kódà ègé wáyà bàbà kan tó bọ́ sísàlẹ̀ ọkọ̀ níbi tí omi máa ń dúró sí lè gbẹ́ ihò síbẹ̀. Ẹ ní láti wo wáyà inú Ovni tọdún 2001 yẹn dáadáa, torí lẹ́yìn ọdún tó lé ní 20, àwọn tó ti ni ín kọjá á ti fi sólà sí i, á ti fi fíríìjì sí i, á ti fi rédíò sí i, kálukú pẹ̀lú ọwọ́ ara ẹ̀. Ẹ kó gbogbo nǹkan kúrò níbi bátìrì, ẹ wò ó. Tẹ́ ẹ bá rí wáyà tó dì mọ́ra bí irun tí wọn ò yà fún oṣù kan, ẹ dín owó ẹ̀ kù tàbí kẹ́ ẹ máa lọ.

Àtúnṣe náà ńkọ́? Fáíbà, wọ́n lè tún un ṣe fún yín nílé, résínì àti fáíbà wà lọ́jà, ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ náà wà. Àwọn tó ń jó irin pọ̀ ní òpópónà wa, irin lásán ni wọ́n mọ̀, alumíníọ̀mù ń fẹ́ gáàsì argon àti ẹ̀rọ tiẹ̀, ó sì ń fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹni tó bá jó o bí ẹní ń jó géètì á bà á jẹ́ ni. Oòrùn tún wà níbẹ̀. Irin tí wọn ò fi fóòmù bò nínú dáadáa á yan èèyàn láàárín oṣù kejì sí ìkẹrin. Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ bóyá fóòmù dé ibẹ̀.

Tó bá jẹ́ ti ìrìn lójú omi, iyára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fìyẹn tan yín. Ọkọ̀ tí ibi tó fara kan omi gùn tó mítà 10, ibi tí agbára ẹ̀ mọ ni bíi nọ́ọ̀tì 7.7 (nọ́ọ̀tì kan ni máìlì òkun kan láàárín wákàtí kan), ohun tẹ́ ẹ sì máa rí lójoojúmọ́ ni 5, ìyẹn máìlì 120 láàárín wákàtí 24. Láti La Rochelle wá sí Kùtọnu lé ní máìlì 3,000, ẹ ṣírò ẹ̀, ó lé lọ́jọ́ 25 tí ọkọ̀ ò ní dúró rárá, ẹ ò tíì ka ọjọ́ tẹ́ ẹ máa sinmi ní erékùṣù Canary, ní Mindelo ní Cape Verde àti ní Dakar. Oceanis á gun afẹ́fẹ́, ìyẹn ni pé á rìn lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀, dáadáa ju Ovni lọ, torí ẹsẹ̀ ẹ̀ wúwo ó sì lọ sísàlẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé inú ikùn Ovni níbẹ̀ ni ẹrù tó ń mú un dúró wà, ẹsẹ̀ tó ń ká yẹn ò wúwo. Ẹ bi Alubat fún ìwé tó sọ igun tí ọkọ̀ yẹn lè dẹ̀gbẹ́ dé kó tó kọ̀ láti dìde, kẹ́ ẹ sì béèrè irú ẹ̀ lọ́dọ̀ Bénéteau. Àmọ́ láti ìlú yín wá sílé, ẹ̀yìn lafẹ́fẹ́ á ti máa fẹ́ yín ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà yẹn, ìyẹn sì ni Ovni mọ̀ ọ́n ṣe jù: ẹ ká ẹsẹ̀ ẹ̀ sókè díẹ̀, á máa sáré lórí ìgbì láìkọsẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti yí Cape Palmas ní Liberia tán, omi òkun fúnra ẹ̀ á máa gbé yín bọ̀ sápá ìlà oòrùn. Ìpadà ló ṣòro. Omi kan náà tó gbé yín wá ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ lọ, afẹ́fẹ́ etíkun wa ò sì lágbára, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀ oòrùn gúúsù ló ti ń fẹ́. Àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́ máa ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí apá São Tomé àti ìlà ìdajì ayé kí wọ́n tó rí afẹ́fẹ́ tó máa gbé wọn lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Torí náà táǹkì epo ṣe pàtàkì, ẹ béèrè lítà tó ń gbà, kẹ́ ẹ sì béèrè iye wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́.

Mi ò lè dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́ṣà orí omi. Lọ́dún 2020, atukọ̀ 135 ni wọ́n jí gbé lójú òkun ní gbogbo ayé, 130 nínú wọn, òkun Guinea tiwa yìí ni. Ó ti dín kù gan-an látìgbà yẹn, ọkọ̀ ńlá ni wọ́n sì ń lé jù, àmọ́ ilé-iṣẹ́ asíránsì ò gbàgbé. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé fún yín, kẹ́ ẹ tó ra ọkọ̀, bóyá wọ́n á dúró ti yín ní ìlà oòrùn Dakar. Ohun tí wọ́n bá fẹnu sọ lórí fóònù ṣòroó fi hàn ní kọ́ọ̀tù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìyàwó yín, mi ò fi í sẹ́yìn torí pé kò ṣe pàtàkì o. Ẹni tó máa gbénú ọkọ̀ pẹ̀lú yín ni, ojú tó fi wo Bénéteau yẹn, ojú ẹni tó máa gbé ibẹ̀ ni. Òótọ́ ló sọ, inú Oceanis fẹ̀, ó mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ ń wọlé. Ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan nìyẹn ń wúlò jù, àmọ́ ẹ máa wà lójú òkun náà. Ẹ mú un padà lọ sínú ọkọ̀ méjèèjì, ẹ ní kó dúró nídìí sítóòfù kó ṣe bí ẹni pé ọkọ̀ ti dẹ̀gbẹ́: ṣé ó ríbi fìdí tì, ṣé ọwọ́ ẹ̀ ń tó nǹkan tó máa dì mú láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà? Kó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn tó wà láàárín ọkọ̀, kì í ṣe èyí tó wà níwájú, torí iwájú ò ṣeé sùn nígbà tí ìgbì bá ń lù. Tó bá ti ṣe ìyẹn tán nínú méjèèjì, ẹ tún bi í léèrè. Èyí tó bá sọ nígbà yẹn ni kẹ́ ẹ gbọ́.

Ìyókù, ọ̀kan náà ni fún méjèèjì, mo máa yára sọ ọ́. Wáyà tó di òpó mú: tí kò bá sí ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀ láàárín ọdún 10 sí 15, ẹ kà á sí pé ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀, torí èmi náà ti gbọ́ bí wáyà ṣe ń já lálẹ́ lójú òkun Mauritania, ìró yẹn ò kúrò létí mi. Tí ẹ́ńjìnnì bá jẹ́ irú èyí tẹ́sẹ̀ ẹ̀ gba ihò ìdí ọkọ̀ jáde, rọ́bà ńlá kan ló dí ihò yẹn, Volvo ní ọdún méje méje ni kí wọ́n máa pààrọ̀ ẹ̀, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ṣe é kẹ́yìn. Tó bá jẹ́ fáíbà, kí ẹ̀kọ́sípẹ́ẹ̀, ìyẹn ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ọkọ̀ wò, fi ẹ̀rọ wo bóyá omi ti wọnú ẹ̀, tàbí bóyá ó ti ń yọ ìléròrò nísàlẹ̀. Kẹ́ ẹ sì bi àwọn dúáánì (àwọn aṣọ́bodè) nílé, lórí ìwé, iye tẹ́ ẹ máa san tọ́kọ̀ bá dé, torí TVA wa, ìyẹn owó orí ọjà, nìkan jẹ́ 18 lórí ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ kò tíì kan owó dúáánì fúnra ẹ̀.

Èwo wá ni kẹ́ ẹ rà? Tó bá jẹ́ èmi ni, Ovni ni mo máa rà, mi ò sì ní san 90,000 fún un. Màá fowó bí 75,000 yúrò síwájú ẹni tó ni ín, ìyẹn bíi mílíọ̀nù 49 sẹ́fà, lẹ́yìn tí ẹni tó mọ̀ nípa alumíníọ̀mù bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, tí wáyà inú ẹ̀ sì mọ́. Ẹ fi ohun tó bá ṣẹ́ kù sílẹ̀ fún wáyà òpó, ìgbòkun àti ìrìn àjò. Àmọ́ tí ìwé tí àbúrò yín bá kọ bọ̀ láti orí ọ̀sà bá fi hàn pé ẹ ò lè wọlé, tẹ́ ẹ bá sì gbà pé Mindelo tàbí Dakar lọkọ̀ máa wà, kẹ́ ẹ máa fi ọkọ̀ òfuurufú lọ bá a, nígbà yẹn ìyàwó yín ló jàre, ẹ ra Bénéteau, torí omi ibẹ̀ jìn, kò sóhun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ẹsẹ̀ tó ń ká ṣe. Kẹ́ ẹ wá fi 20,000 yẹn ra ọkọ̀ onígi dáadáa kan fún ọ̀sà Àjàṣẹ́, èyí tí òpó ẹ̀ ṣeé fọwọ́ yọ, ẹ ó máa gbé àwọn ọmọ lọ Aguégué lọ́jọ́ Sunday, owó á sì tún ṣẹ́ kù.

Ìbéèrè: láti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Kétu

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo máa ń rí i nínú ìpolówó ọkọ̀ pé "Catégorie A". Ọ̀rẹ́ mi ní ó túmọ̀ sí pé ọkọ̀ yẹn ò lè rì. Ṣóòótọ́ ni?

Ìdáhùn

Ọmọ mi, rárá o. Kétu jìnnà sókun àmọ́ ìbéèrè rẹ dára ju tọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbé létí ẹ̀ lọ. Láti oṣù kẹfà ọdún 1998, ọkọ̀ ìgbafẹ́ tuntun tí wọ́n bá fẹ́ tà ní ilẹ̀ Yúróòpù gbọ́dọ̀ ní àmì CE àti lẹ́tà kan. A ni fún ojú òkun gbalasa, ibi tí afẹ́fẹ́ lè kọjá fọ́ọ̀sì 8 (fọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́), tí ìgbì sì lè ga ju mítà 4 lọ. B ò kọjá fọ́ọ̀sì 8 àti ìgbì mítà 4, C jẹ́ fọ́ọ̀sì 6 àti mítà 2, D sì wà fún omi tó dákẹ́ bí ọ̀sà wa yìí. Lẹ́tà yẹn ń sọ bí wọ́n ṣe ya ọkọ̀ àti bí wọ́n ṣe kàn án lọ́jọ́ tó jáde nílé-iṣẹ́. Kò sọ bó ṣe rí lẹ́yìn ogún ọdún, kò sì sọ ẹni tó ń wà á. Lọ́dún 1979, nínú ìdíje Fastnet, ọkọ̀ 303 ló jáde, ìjì ká wọn mọ́ ojú òkun, atukọ̀ 15 tó wà nínú ìdíje náà ló kú. Àwọn ọkọ̀ kan tí wọ́n sá fi sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n bá wọn lórí omi lọ́jọ́ kejì, wọn ò rì, bẹ́ẹ̀ àwọn tó fi wọ́n sílẹ̀ ti kú. Lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n tó wá jókòó ti ọ̀rọ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń dojú dé. Bi ọ̀rẹ́ rẹ léèrè igun tọ́kọ̀ lè dẹ̀gbẹ́ dé kó tó kọ̀ láti dìde, ìyẹn ló wúlò ju lẹ́tà lọ.

Ìbéèrè: láti ọwọ́ ìyá kan ní Ṣábẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjì fẹ́ da owó pọ̀ ra ọkọ̀ ìgbòkun tí wọ́n rí lórí fóònù, owó ọjà mi wà nínú ẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní kí wọ́n fi ìdajì owó ránṣẹ́ kíákíá torí ẹlòmíì ti ń bọ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀.

Ìdáhùn

Àǹtí mi, ọkàn yín mọ nǹkan tó ń ṣe. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ra ọkọ̀ nìyí: wọ́n á kọ́kọ́ kọ ìwé àdéhùn tó sọ pé owó díẹ̀, bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá, ni wọ́n máa fi sílẹ̀, lọ́wọ́ ẹni kẹta tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, kì í ṣe nínú àpò ẹni tó ń tà á. Ìwé yẹn gbọ́dọ̀ sọ pé owó náà á padà wá tí ẹ̀kọ́sípẹ́ẹ̀ bá yẹ ọkọ̀ wò tó rí àléébù ńlá, tàbí tí wọ́n bá wà á jáde tí nǹkan ò rí bí wọ́n ṣe sọ. Ẹ̀yin lẹ máa yan ẹ̀kọ́sípẹ́ẹ̀ fúnra yín, ẹ̀yin lẹ máa san owó ẹ̀, torí ẹni tó bá san án ló ń ṣiṣẹ́ fún. Kí wọ́n tún béèrè ìwé tó fi hàn pé kò sí gbèsè báńkì lórí ọkọ̀ náà. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ yín sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn tó ni ín, torí owó ọjà yín ni. Tí ẹni tó ń tà á bá ní òun ò lè dúró de ẹ̀kọ́sípẹ́ẹ̀, ẹ ní kó tà á fún ẹlòmíì tó ní ó ń bọ̀ yẹn.